Ọmọ Ẹtu Tí A Kì Í Gbé Pọ̀n

Jàlálù Adéjọbí ni orúkọ rẹ̀. Ẹtu mẹ́rin ló ń tọ́jú.

Ìlobù ni wọ́n bí i sí, nínú agboolé ọdẹ. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 1995, tí ohun tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn tó ti ọ̀tún. Ìbọn ló fà á. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dùn ún. Bí ó bá jókòó tí ó sì fẹ́ dìde, yóò kọ́kọ́ wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ sọnù, yóò ní "Bísímílà," yóò wá dìde.

Ọgbà ẹranko tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lójú ọ̀nà tó ti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n. Ilé-ìwé àgbẹ̀ kan ló ni ín. Kò tóbi. Ọ̀nì kan wà níbẹ̀ tí kì í mira, ọ̀bọ mẹ́fà wà, ìjàpá mọ́kànlá, òòrẹ̀ méjì, àti ẹtu mẹ́rin náà. Súù ni àwọn ará ìlú ń pè é. Ní ọjọ́ ọdún, àwọn ènìyàn máa ń wá láti Ẹ̀rìn àti Òṣogbo wá wo ọ̀bọ. Àwọn tó ń wá wo ẹtu kò pọ̀. Ẹtu kò ju ewúrẹ́ kékeré lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, bó bá sì ti gbúròó ènìyàn, ó ti wọ inú koríko. Àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò dúró ti wáyà, wọn yóò máa na ọrùn.

"Bàbá Ẹlẹ́tu, ẹtu dà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"A ò rí i."

"Òun rí yín."

Bí Jàlálù ṣe fi ìbọn sílẹ̀ kò gùn ní sísọ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1961 nìkan, ó pa ẹtu mọ́kàndínlógójì. Ó mọ iye wọn nítorí ó ń fi ọ̀bẹ kọ wọ́n sára òpó ilé, ìlà kan fún ẹran kan. Ní ọdún 1978, ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rin igbó, kò rí ẹsẹ̀ ẹtu kan lórí ilẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá ó gbé ìbọn kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgbà ló dé. Kò bá wọn jiyàn. Àgbà kọ́. Ó kàn rí i pé àwọn ti pa á tán ni.

Nígbà tí ilé-ìwé náà ń wá ẹni tó mọ ẹran ìgbẹ́, òun ni wọ́n mú. Ẹni tó ń pa á tẹ́lẹ̀ ló wá ń já ewé fún un.

Ọ̀gá ọgbà náà ń jẹ́ Olúbùnmi. Obìnrin ni, kò tíì pé ọdún márùndínlógójì, ó kàwé nípa ẹranko ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ láti ọjọ́ tó ti dé.

"Bàbá, tí à ń bí ẹtu nínú ọgbà, tí wọn ò padà sígbó, kí là ń ṣe? A kàn kó wọn sẹ́wọ̀n ni."

"Tí wọ́n bá padà, wọn á pa wọ́n, Ọ̀gá."

"Wọn ò ní pa gbogbo wọn. Èyí tó bá kù á bí òmíràn."

Igbó tó ní lọ́kàn wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Ìlobù ní àwọn ló ni ín. Ìfọ́n ní àwọn ló ni ín. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ọjọ́ orí Jàlálù lọ. Nítorí rẹ̀, ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ti kọ ebè síbẹ̀. Ibi tí èèyàn méjì bá ti ń jà sí, koríko ló ń jẹ èrè rẹ̀. Igi ti dàgbà níbẹ̀, ìtàkùn ti bo ọ̀nà, èso ń já sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣà á. Kò sí ibi tó yẹ ẹtu tó o. Ẹtu fúnra rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ló ń dun Jàlálù ju orúnkún lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, abo ẹtu tó dàgbà jù nínú ọgbà bí ọmọ kan. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pe abo yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Jàlálù rí ọmọ náà nínú koríko, òun nìkan, ó fi ọrùn lélẹ̀, kò mira. Ìyá rẹ̀ wà ní ìkángun ọgbà lọ́hùn-ún, ó ń jẹ ewé, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Jàlálù dúró títí di ọ̀sán. Ìyá kò wá. Ó ní, "Ó ti kọ̀ ọ́." Ó gbé ọmọ náà, ó fi fídà fún un ní wàrà.

Gbogbo ọgbà sọ ọ́ di ọmọ. Màríámọ̀, obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Ó ń tẹ̀lé wọn kiri bí ajá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fún un ní bisikíìtì. Wọ́n wá rí ẹtu wò nígbà náà. Nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, Olúbùnmi fi irin pẹlẹbẹ kan sí i létí, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí etí igbó ààlà, wọ́n tú u sílẹ̀. Ó tẹ̀lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sá mọ́ ọn lójú.

Ní ọjọ́ kẹta, ọdẹ kan láti Ìfọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Súù. Bámigbóyè ni orúkọ rẹ̀. Òun àti Jàlálù mọ ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń dẹ̀gbẹ́, ọjọ́ orí wọn kò sì ju ara wọn lọ. Ó mú irin etí náà lọ́wọ́. Ó di ìtan ẹran kan sínú ewé.

"Ta ló ni èyí?"

"Àwa ni."

"Mo jókòó sẹ́nu ahéré, mo ń sun iṣu. Ó ti inú igbó jáde, ó wá bá mi tààrà. Ó gbé imú sí mi lọ́wọ́. Jàlálù, láti ìgbà tí mo ti dáyé, ẹran ìgbẹ́ kan ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Iwin ni mo pè é."

"O wá ṣe kí ni?"

"Mo pa á. Ìgbà tí mo pa á tán ni mo rí irin." Ó na ewé náà sí i. "Ìtan nìyí. Ẹran yín ni."

Jàlálù gba irin. Kò gba ìtan.

Olúbùnmi lọ wo inú ìwé. Ó pe Jàlálù, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀. Ìwé ní ẹtu kì í dúró ti ọmọ rẹ̀. Ọmọ tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn, ṣùgbọ́n ìyá ní in. Bí ìyá bá dúró tì í, ẹkùn á gbóòórùn ìyá, á rí ọmọ. Nítorí náà, ìyá á fi ọmọ pamọ́ sínú koríko, á lọ jìnnà, á ṣe bí ẹni tí kò bímọ. Láàárọ̀ kùtù, á wá fún un lọ́mú. Nírọ̀lẹ́, á tún wá. Ìfẹ́ ló fi ń jìnnà sí i.

Jàlálù ń yí irin etí náà lọ́wọ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi dẹ ẹtu. Ó mọ ibi tó ti ń mumi. Ó mọ ibi tó ń sùn sí. Ó mọ ibi tí ọta gbọ́dọ̀ bà lára rẹ̀ kó má baà sá jìnnà. Kò mọ bó ṣe ń fún ọmọ lọ́mú. Ọdẹ kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni mo pa á," ó wí. "Bámigbóyè kàn yìnbọn ni."

Ó so irin náà mọ́ ìdí tẹ̀sùbáà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá kírun tán tó ń ka tẹ̀sùbáà, ìka rẹ̀ á kan irin kó tó padà sí ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ sú u. Omi kì í yọ ní ẹ̀rọ, ó ń fi bókẹ́ẹ̀tì pọn ọ́n láti odò. Ó ń gun igi ìyeyè ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bó bá délé, Rísíkátù ìyàwó rẹ̀ á gbé omi gbígbóná wá fún orúnkún rẹ̀.

"Bàbá Uwais, ẹ ní ẹ máa fiṣẹ́ yìí sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Iléyá mélòó ló ti kọjá?"

"Méjì."

"Kí lẹ wá ń dúró dè? Ṣé kí àwọn ẹtu sin yín ni?"

Ó ti aṣọ bọ omi náà, ó fi tẹ orúnkún. Ohun tó ń dúró dè kò ṣòro. Ó ti mú ẹtu kan tí kò bẹ̀rù ènìyàn lọ fún ikú. Ó fẹ́ mú ọ̀kan tó bẹ̀rù ènìyàn lọ sígbó kó tó lọ sinmi. Ẹyọ kan péré. Kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn abo méjì tó kù nínú ọgbà kò tíì bí. Ìyá Àgbà ló lóyún, eyín rẹ̀ sì ti ń jẹ tán. Olúbùnmi ní òun kò rò pé yóò tún bí òmíràn lẹ́yìn èyí.

Ó bí ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó mọ́. Abo ni. Jàlálù rí i láti òkèèrè, kò sún mọ́ ọn. Ó ti fi koríko sílẹ̀ láìgé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti ga dé àyà. Ó so okùn yí ibẹ̀ ká. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, wọn kò ju mẹ́rin lọ.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú okùn yìí. Bí ó bá ké, ẹ má lọ. Bí ẹ bá rí i lóun nìkan, ẹ má lọ."

"Ká sọ pé ebi ń pa á ńkọ́?" Màríámọ̀ bèèrè.

"Ìyá rẹ̀ mọ̀."

Màríámọ̀ jẹ́ opó, ọmọ márùn-ún ló bí, ó sì ti gbẹ̀bí ọmọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wo Jàlálù bí ẹni tó ń wo ọkùnrin. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ kejì lọ. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Jàlálù ń jókòó sẹ́yìn kùkùté ìrókò kan, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn rẹ̀ lọ bá wọn. Ìyá Àgbà ń wá, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó ń lọ. Ó ń rí bí koríko ṣe ń mì. Ìyẹn tó o.

Ọjọ́ karùn-ún jẹ́ Jímọ́ọ̀. Ó lọ kírun ní Ìlobù. Bó ti ń bọ̀, òjò ṣú, ó sì rọ̀. Aṣọ rẹ̀ rin kó tó dé Súù. Ó kọjá sẹ́yìn ilé ìdáná tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ọ̀bọ. Màríámọ̀ wà níbẹ̀, ó jókòó ti iná, ó pọn nǹkan.

"Màríámọ̀."

"Bàbá, ẹ kú òjò. Ẹ káàbọ̀ láti mọ́ṣáláṣí."

"Kí ló wà lẹ́yìn rẹ?"

"Ọmọ ni."

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ yín ni, Bàbá." Kò yí ojú padà. "Ẹ lọ kírun. Òjò ṣú. Ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé, ó ń jẹ ewé lẹ́nu. Ọmọ ọjọ́ márùn-ún wà nínú òjò! Mo ti fi ìgbálẹ̀ tì í láti ọjọ́ kẹta, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ kì í dá òjò dúró."

"Ìgbálẹ̀ kẹ̀?"

"A kì í fi ọmọ tuntun sílẹ̀ lóun nìkan kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Bí èèyàn ò bá sí nítòsí, ìgbálẹ̀ là ń fi tì í, tàbí ọ̀bẹ. Àbí ẹ ò bímọ rí ni?"

"Mo bí mẹ́fà."

"Ẹ bí mẹ́fà, ẹ ò gbé ọ̀kan. Ìyá wọn ló gbé wọn. Ẹ̀yin wà nígbó."

Òótọ́ ni. Jàlálù wá ibi tó máa jókòó sí, ó rí àpótí kan, ó jókòó. Kò ní agbára láti pariwo. Bí wọ́n bá fún un ní ẹní níbẹ̀, ì bá dùbúlẹ̀.

"Kí lo fún un mu?"

"Wàrà, ṣíbí méjì. Kò mu ún. Ó tu ú sí mi lára, ọmọ aláìmoore."

"Ọpẹ́ ni. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Màríámọ̀ tú ọ̀já, ó sì tú ìró. Ọmọ náà kò wúwo ju búrẹ́dì kékeré kan lọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Kò jà. Ara rẹ̀ gbẹ, ó móoru, òórùn ọṣẹ, èéfín àti àdí àgbọn sì ń jáde lára rẹ̀.

Olúbùnmi sáré dé pẹ̀lú agbòjò. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó di orí mú.

"Bàbá, tí ìyá bá gbóòórùn èèyàn lára rẹ̀, ó lè kọ̀ ọ́ o. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lè kọ̀ ọ́ lóòótọ́."

"Mo mọ̀."

"Fídà wà nílé ìkẹ́rùsí. Ṣé kí n lọ fọ̀ ọ́?"

Jàlálù wo ọmọ ẹtu náà.

"Tí ẹ bá fún un ní fídà, Ọ̀gá, ó ti kú nìyẹn. Ó kàn máa gbà tó oṣù mẹ́sàn-án ni."

"Tí a ò bá fún un, ó lè kú lọ́la. A ò lè jókòó ká máa wò ó."

"Ẹ jẹ́ ká dúró di àárọ̀ ọ̀la. Tí ìyá ò bá gbà á di àárọ̀, ẹ mú fídà wá. Mi ò ní dá yín dúró. Èmi náà á wá máa lọ sílé mi."

Olúbùnmi ká agbòjò rẹ̀. Ó ní ó dára.

Ohun tí Jàlálù ṣe lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ọdẹ ni. Ọdẹ tó bá fẹ́ sún mọ́ ẹran kì í lọ pẹ̀lú òórùn ara rẹ̀. Á wá ìgbẹ́ ẹran náà, á wá ewé tó ń jẹ, á gún wọn pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ ibi tó ń tọ̀ sí, á fi para láti ọwọ́ dé ọrùn. Bó ṣe pa mọ́kàndínlógójì nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí Ìyá Àgbà ń sùn sí, ó ṣa ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú wẹ́wẹ́ bí èso kékeré, ó já ewé, ó wa ilẹ̀ tútù. Ó gún wọn lórí òkúta. Ó kọ́kọ́ fi pa ọwọ́ ara rẹ̀ dé ìgúnpá. Lẹ́yìn náà ó fi pa ọmọ náà lára, ní ẹ̀yìn, ní ikùn, ní abẹ́ ọrùn, ní ibi tí ọ̀já ti fún un. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó gbé e sí imú, kò gbóòórùn àdí mọ́. Ṣùgbọ́n imú ènìyàn ni tirẹ̀.

Ó gbé e padà sí ojú ibi tí koríko ti tẹ̀. Ìgbálẹ̀ Màríámọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó rin gbindin. Ó mú un kúrò. Ọmọ náà fi ọrùn lélẹ̀, kò mira.

Jàlálù lọ jókòó sẹ́yìn kùkùté ìrókò. Òjò ti dá. Aṣọ tútù lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ibẹ̀ ló ti kírun Alásàrí, ní ìjókòó, nítorí kò fẹ́ dìde kí ẹran rí i. Màríámọ̀ dúró lọ́nà jíjìn, ó ká ọwọ́ lérí. Olúbùnmi jókòó sínú ọ́fíìsì, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ó ń rò ó pé bóyá òun ti gbó jù fún ohun tí òun ń ṣe. Ó ń rò ó pé ìgbà tí òun ń pa wọ́n, kò rẹ òun tó báyìí. Láti pa ẹtu kan, ìṣẹ́jú kan ti tó. Láti jẹ́ kí ọ̀kan yè, òun ti lo ọdún méjì, òun kò sì tíì mọ̀ bóyá yóò yè.

Oòrùn rẹlẹ̀. Láti Ìlobù, wọ́n pe ìrun Mọ̀gáríbì. Ìyá Àgbà jáde lábẹ́ òrùlé.

Ó rìn bó ṣe máa ń rìn, ẹsẹ̀ kan, á dúró, á gbọ́. Ó dé etí koríko. Ó na imú sí ọmọ. Lójú kan náà, ó fọn imú, ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó fò sẹ́yìn. Ó sá lọ dé ìdí wáyà.

Jàlálù di ojú. Ó rí fídà. Ó rí Àbẹ̀kẹ́ tó ń tẹ̀lé àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó rí ọwọ́ Bámigbóyè tí iṣu wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó la ojú, Ìyá Àgbà ti padà. Ó ń yí koríko náà po. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà ké, ohùn kan báyìí, ó kéré, ó dà bí ohùn ilẹ̀kùn tí kò ní òróró. Ìyá wọlé sínú koríko. Ó bẹ̀rẹ̀ sí lá a. Ó lá ẹ̀yìn, ó lá ikùn, ó lá ohun tí Jàlálù fi pa á àti ohun tí Màríámọ̀ fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Ọmọ dìde lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tí kò dúró dáadáa, ó fi orí gbá ìyá nínú, ó rí ọmú.

Jàlálù bẹ̀rẹ̀ sí ka tẹ̀sùbáà. Ó ka ìlẹ̀kẹ̀ méjìlélógójì kí ìrù kékeré náà tó dẹ́kun mímì.

Nígbà tí ìyá ti lọ, ó rìn padà sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Màríámọ̀.

"Ṣé ó mu?"

"Ó mu."

"Alhamdulilahi." Màríámọ̀ fi etí ìró nu ojú. "Ẹ bá mi bẹ ìyá rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà tiẹ̀ nìyẹn."

"Èmi náà ò mọ̀. Gba ìgbálẹ̀ rẹ."

Ní ọjọ́ kẹjọ, Màríámọ̀ tún wá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà sọ̀rọ̀ sókè nítòsí koríko. Ó fẹ́ mọ orúkọ tí wọn yóò sọ ọmọ.

"Kò ní orúkọ," Jàlálù wí.

"Háà! Bàbá!"

"Ohun tó bá ní orúkọ, wọn á máa pè é. Ohun tí wọ́n bá ń pè á máa dáhùn."

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe dàgbà láìní orúkọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ewé, tó sì ń rìn dé etí wáyà, Jàlálù mú agolo kan àti òkúta kan. Gbogbo ìgbà tó bá ti bojú wo ènìyàn láìsá, ó ń lu agolo. Ó ń sá. Ọkàn Jàlálù kì í sinmi bó bá lù ú tán. Òun ló ń já ewé tó ń jẹ, òun ló ń pọn omi tó ń mu, òun náà ló ń lé e. Oṣù mẹ́fà ló fi ṣe é. Nígbà tó fi máa parí, ẹtu náà ti mọ ohùn ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ti gbogbo ènìyàn, ti Jàlálù ló sì ń sá fún jù.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1996, Olúbùnmi ní àkókò ti tó. Ó fi irin sí i létí. Bámigbóyè ti ránṣẹ́ pé òun rí ẹsẹ̀ akọ ẹtu kan ní etí igbó ààlà, àkọ́kọ́ láti ọdún méjìdínlógún. Bí èyí bá dúró níbẹ̀, àwọn abo méjì tó kù yóò tẹ̀lé e.

Igbó náà ní òfin tirẹ̀. Àwọn àgbà ìlú méjèèjì ní ọmọ Ìlobù kò gbọdọ̀ dá wọ ibẹ̀, ọmọ Ìfọ́n kò gbọdọ̀ dá wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá dá wọ̀ ọ́, wọ́n á ní ilẹ̀ ló wá gbà. Nítorí náà ẹni méjì ló gbé àpótí ẹtu náà, Jàlálù níwájú, Bámigbóyè lẹ́yìn.

"Jàlálù, orúnkún rẹ ń dún bí ẹni ń ṣẹ́ igi."

"Gbé tìrẹ."

"Mò ń gbé e. Ìwọ ló ń fà sí apá Ìlobù."

"Ọ̀nà ló fà síbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí." Bámigbóyè rẹ́rìn-ín. "Àwa ọdẹ Ìfọ́n ti pinnu o. Ọdún mẹ́ta, kò sí ìbọn, kò sí tàkúté níbí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọdún mẹ́rin."

"Mẹ́rin kẹ̀? Ta ló ní kí ẹ fi kan kún un?"

"Wọ́n gbọ́ pé tiyín jẹ́ mẹ́ta."

Wọ́n rìn fún bíi wákàtí kan. Lábẹ́ igi ìyeyè ńlá kan tí èso rẹ̀ ti ń já, wọ́n sọ àpótí kalẹ̀. Jàlálù ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kúrò, ó jókòó sórí ìtì igi. Bámigbóyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lápá kejì.

Ẹtu náà kò kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ó yọ imú, ó yọ orí. Ó dúró sórí ilẹ̀ tí kò ní wáyà. Bámigbóyè ṣa ìyeyè kan, ó na ọwọ́ sí i jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe jọ ṣe àdéhùn rẹ̀. Jàlálù kò mí.

Ẹtu náà wo ọwọ́ náà. Ó fọn imú. Ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó yí orí, ó rí Jàlálù. Ìgbà tó rí i ni ó tó fò. Wọ́n rí ìtàkùn tó mì, wọn kò rí i mọ́.

Wọ́n dúró. Kò padà. Wọ́n dúró títí oòrùn fi yí. Kò sí ohun tó tẹ̀lé ẹnikẹ́ni.

"Kò tilẹ̀ dágbére fún ọ," Bámigbóyè wí. Ó ju ìyeyè náà sẹ́nu ara rẹ̀. "Ọmọ tí o tọ́ dàgbà."

"Ó dágbére. Bó ṣe yẹ kó ṣe é nìyẹn."

"Ṣé ò ń sunkún ni?"

"Ó rẹ̀ mí ni."

Jàlálù fọwọ́ kan tẹ̀sùbáà nínú àpò, ó kan irin ìdí rẹ̀, ó fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ó wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ sọnù. Ó ní, "Bísímílà." Ó dìde, ó gbé ìdajì àpótí òfìfo náà tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì kọrí sílé.